Ilé Kan, Ìbò Kan

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìjọba tiwa-n-tiwa létí mi, òórùn ìrẹsì tó jóná ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi nímú. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rántí ìgbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Braamfontein, nílùú Johannesburg, nípa ẹ̀tọ́ ará ìlú, ọdún mélòó kan ṣáájú kí àrùn tó sé gbogbo ayé mọ́lé, tí mo sì máa ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá lọ́sàn-án Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Troyeville la ti ń ṣèpàdé. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà, fèrèsé ńlá kan tó ní ìlẹ̀kùn pákó sì wà lára ògiri tó là wọ́n láàárín, ibẹ̀ la ti ń na àwo oúnjẹ sí àwọn tó jókòó. Àwọn ọkùnrin ló ń jókòó. Àwa obìnrin ń dúró ti ìkòkò. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àdúrà, tàbí ti orin, tàbí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, fèrèsé náà á ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwa náà á máa ṣe àmín láti ẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ọ̀rọ̀ gidi, ẹnì kan á dìde, á ní ariwo ìkòkò ti pọ̀ jù, á sì tì í. Bí a ṣe ń mọ̀ nìyẹn pé wọ́n ti dé orí ohun tó kàn wá.

Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ púrúǹtù o. Dókítà oníṣègùn wà níbẹ̀, ẹnjiníà wà níbẹ̀, akáǹtáǹtì sì pọ̀ bí eṣú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọ̀gá obìnrin níbi iṣẹ́ ní Sandton. Níbẹ̀, bí ìyáàfin náà bá wúkọ́, wọn á dìde dúró. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti dé, wọn á bọ́ táì sílẹ̀, wọn á gbé agbádá wọ̀, wọn á sì di baálé ilé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n bá tún ń wá táì kiri fún àárọ̀ Mọ́ńdé. N kò sàn jù wọ́n lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà ni, ó sì ń pa mí bí ọtí. Mo gbà pé kò sí ìwà ìbàjẹ́ kankan láyé yìí tí gbólóhùn tó já geere kò lè wò sàn.

Òfin tó wà lórí gbogbo òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan. Olórí ilé ló sì ń di ìbò ọ̀hún. Àgbà tó máa ń túmọ̀ òfin fún wa ni dókítà eyín kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olùdámọ̀ràn. Ó ti fa eyín fún ìdajì ẹgbẹ́, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń la ẹnu púpọ̀ níwájú rẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ilé tí ẹni méjì bá ti ń pàṣẹ, ajá ibẹ̀ kò ní mọ ẹni tí yóò tẹ̀lé." Lójú òfin yìí, apọ́n kan tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo lókè ṣọ́ọ̀bù táyà ní ìlàjì òpópónà sí gbọ̀ngàn wa ní ilé, nítorí pé ọkùnrin ni. Èmi tí mo ní fúláàtì oníyàrá méjì ní Braamfontein, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti lè rí òkè yanrìn pupa tí àwọn awakùsà kó jọ láyé àtijọ́, n kò ní ilé. Mo béèrè ìdí lọ́wọ́ Ààrẹ ẹgbẹ́. Akáǹtáǹtì ni, ó sì ní ohùn dídùn.

"Dókítà wa," ó ní, "ẹ má bínú. Ibùgbé lẹ ní. Ilé ń bọ̀ lọ́nà lágbára Ọlọ́run."

Ó ṣẹlẹ̀ wàyí pé ìjọba ìlú pe àwọn ẹgbẹ́ àjèjì jọ, kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ nípa ìrẹ́pọ̀. Ààrẹ wa lọ pẹ̀lú àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀, agbádá wọn kún ìlà àga méjì. Obìnrin kan tó jẹ́ káńsẹ́lọ̀ wò wọ́n látòkè délẹ̀, ó bi wọ́n pé, "Àwọn obìnrin yín dà?" Ààrẹ bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń retí pé wọn yóò yọ, ó ní wọ́n ń bọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ló dá wọn dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀hún ti ń dá wa dúró. Ojú tì í débi pé nígbà tí ó padà dé, ó gbé Ìgbìmọ̀ Ìdọ́gba kalẹ̀: ọkùnrin mẹ́ta àtèmi. Níjókòó wa àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan nípa ìdọ́gba, wọ́n bi mí bóyá mo lè bá wọn po tíì.

Mo po tíì náà. Lẹ́yìn náà mo sọ fún wọn pé kí olúkúlùkù àgbàlagbà ní ìbò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní orílẹ̀-èdè tí a wà nínú rẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àwo máa dìbò. Ọ̀kan ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí tọkọtaya máa wá bá ara wọn jà ní ìpàdé ni?" Mo ní tọkọtaya tí kò bá lè jà ní ìpàdé, ilé ni yóò ti jà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sún un síwájú. Nígbà tó yá, wọ́n gbà fún mi pé a lè kọ ọ́ sínú òfin pé obìnrin tí kò ní ọkọ mọ́ lè jẹ́ olórí ilé, kí ó sì di ìbò ilé náà. Wọ́n fi "mọ́" yẹn kún un kí èmi tí n kò tíì ní ọkọ rí má bàa gba ẹ̀yìn wọlé. Ọkàn mi kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí ìyá mi máa ń wí, pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo padà sílé, mo kọ gbólóhùn náà dáadáa, ó sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo kà á sókè fún ara mi nínú bàlùwẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò lé e, wọ́n ti fèrèsé. Nítorí náà, inú ilé ìdáná ni ẹni tó kọ òfin náà wà, tó ń gé àlùbọ́sà, nígbà tí òfin náà wọlé. Nígbà tí wọ́n tún fèrèsé ṣí, Ààrẹ ti wà lórí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. "Àwọn baba wa ti sọ ọ́," ó ń wí, "kí ọkùnrin rí ejò, kí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà má lọ!" Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìdí tí ẹni tó kọ́kọ́ rí ejò kò fi pa á fúnra rẹ̀. Wọ́n pè mí jáde, wọ́n yà mí ní fọ́tò láàárín agbádá mẹ́rin, mo sì rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà wà lára ògiri wọn títí di òní. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ọ̀bẹ àlùbọ́sà lọ́wọ́ mi.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa nílé ìdáná ni Màmá Ìbejì. Nọ́ọ̀sì ni ní ọ̀kan nínú àwọn ọsibítù ńlá ìlú náà, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni àfi iná gáàsì. Nígbà tí mo padà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín fọ́tò lẹ́nu, ó ti gbọ́ ohun tí òfin tuntun sọ.

"Dókítà," ó ní, "òfin rẹ yìí mà dára o. Ó ku kí ọkọ mi kú kí n tó jẹ àǹfààní rẹ̀."

Àwọn obìnrin pariwo. Ìyàwó Ààrẹ, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ta ìka yí orí ká, ó ní, "Màmá Ìbejì! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ fi omi fọ ẹnu yín!"

"Mo fọ̀ ọ́," Màmá Ìbejì dáhùn, ó sì bu omi sẹ́nu lóòótọ́, ó tu ú sínú agbada ìfọbọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, irọ́ ni mo pa?"

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì, ẹnjiníà ni. Iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì ló ń tún ṣe, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní róbọ́ọ̀tì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń sọ pé òun nìkan ni ọmọ Yorùbá tí gbogbo Johannesburg ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ìbejì tí wọ́n bí, ọ̀kan ló kù. Nílẹ̀ wa a kì í là á mọ́lẹ̀ pé ìbejì kú, a máa ń ní ó lọ sọ́jà ni. Táyé lọ sọ́jà nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibojì kan ní ìlà-oòrùn ìlú, lábẹ́ igi jakaránda, ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú àṣà wa òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń lọ sin ín, òbí á jókòó sílé. Bàbá Ìbejì jókòó sílé lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi lọ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó sin ín, ó sì ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù láti ìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń kúrò ní ìpàdé kí ó tó parí. Ó ní kí àwọn agbẹ́kùúta gbé òkúta kan síbẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ Táyé sí òkè rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í nípa èyí, ó sọ ọ́ ní gbangba gbọ̀ngàn, fèrèsé ṣí sílẹ̀, gbogbo wa gbọ́: "Èmi ni mo ni ìsàlẹ̀. Bí ọjọ́ mi bá pé, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ mi sí. Ọmọdé kì í dá lọ sọ́jà." Bàbá Olùdámọ̀ràn ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n sì yí i padà.

Kò tó ọdún kan lẹ́yìn òfin tuntun náà tí Bàbá Ìbejì kú. Ìgbà òtútù ni, èyí tó máa ń gbẹ ètè, tó ń sọ koríko gbogbo ìlú di àwọ̀ búrẹ́dì. Wọ́n ní ó tún iná kan ṣe ní oríta, iná náà tàn, ó wọlé sínú ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbórí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, kò sì gbé e mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti pè láti Iléṣà. Wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ilé baba wọn. Kí ẹgbẹ́ fi òkú ránṣẹ́.

Màmá Ìbejì kọ̀. Ó ní ọkọ òun ti sọ ibi tó fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe nílé lọ́jọ́sí, kò sí ti ìjọba, àwọn tó ni mọ́ṣúárì sì ní àwọn kò lè gbé òkú fún ẹnikẹ́ni bí ìdílé rẹ̀ kò bá fohùn ṣọ̀kan. Ìdílé tó wà ní Iléṣà ní àwọn gbé ọ̀rọ̀ náà lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà ní ìlànà tirẹ̀ fún irú rẹ̀: kí àwọn ilé dìbò.

Mo lọ kí i ní ilé rẹ̀ ní Bertrams. Ó jókòó sílẹ̀ lórí tìmùtìmù nínú aṣọ dúdú, àwọn obìnrin ìjọ yí i ká, Kẹ́hìndé sì wà ní igun yàrá, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dáhùn gbogbo ẹni tó bá a kẹ́dùn. Màmá Ìbejì fi ọwọ́ pè mí súnmọ́ra. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún sí mi léjìká ni.

"Dókítà," ó ní wẹ́lẹ́, "ìwọ lo kọ ọ́, àbí? Ìbò ilé mi ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ lò ó."

"Yóò ṣiṣẹ́, Màmá," mo dá a lóhùn. "Ó wà nínú òfin ketekete."

Bí mo ṣe ń rìn lọ wọ táksí, ìyà tó ń jẹ obìnrin yìí bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan ń yọ̀ nínú mi lábẹ́lẹ̀ pé gbólóhùn mi ti rí iṣẹ́ ṣe. Ọmọ yunifásítì ni mí.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Opó kì í jáde kí ọjọ́ ọ̀fọ̀ rẹ̀ tó pé, nítorí náà àwọn obìnrin gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn mú Màmá Ìbejì wọlé, wọ́n fún un ní àga láàárín àpò ìrẹsì àti ẹ̀rọ amúǹkan-tutù. Ó ní òun yóò jókòó síbẹ̀ títí wọn yóò fi pe ilé òun. Wọ́n ti ti fèrèsé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ kò nípọn. Èmi ní tèmi gba àga kan lẹ́bàá ògiri nínú gbọ̀ngàn, torí Ààrẹ ní ọ̀mọ̀ràn òfin lè wà níkàlẹ̀ bí kò bá ṣáà ti dìbò.

Àbúrò ọkọ wà lórí fóònù. Wọ́n gbé fóònù náà sórí tábìlì Ààrẹ, wọ́n fi ife omi gbè é, ohùn rẹ̀ sì ń ké jáde níbẹ̀ pé, "Ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ ń gbọ́ mi ṣá?" Ọkùnrin náà kò tẹ Johannesburg rí láyé rẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìkẹ́dùn. Òfin wa sọ pé obìnrin tí kò ní ọkọ mọ́ ni olórí ilé rẹ̀. Kí ẹ tó dìbò, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn Màmá Ìbejì, ká sì ka ìbò rẹ̀ mọ́ tiwa."

"Tiwa kẹ̀?" ẹnì kan ní láti ẹ̀yìn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ààrẹ mi orí. "A ò gbàgbé òfin yẹn, Dókítà. Òfin tó wù wá ni. Mo ti sọ nípa rẹ̀ níbi púpọ̀ nílùú yìí."

Bàbá Olùdámọ̀ràn gbé ọwọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó bá fẹ́ fa eyín. "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé kò ní ọkọ mọ́?"

Mo wò ó. 

"Ọkọ rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì," ó ní. "Òkú tí a kò tíì sin, ó ṣì ni ilé rẹ̀. Ìgbà tí a bá sin ín, tí ìyàwó sì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ìgbà yẹn ni kò ní ọkọ mọ́. Ìgbà yẹn ló di olórí ilé. Kò sí ẹni tí yóò dù ú."

"Nígbà náà, kí ni yóò dìbò lé lórí, Bàbá? Ibi tí a ó sin ọkọ rẹ̀ sí?"

"Ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà." Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ní báyìí, òkú kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún un." Ó sì na ọwọ́ sí fóònù.

"Kó máa bọ̀ wálé!" fóònù náà ké. "Ẹ ń gbọ́ mi? Ìbò ilé wa nìyẹn!"

Apọ́n tó ń gbé òkè ṣọ́ọ̀bù táyà dìde. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun. Ẹnu Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn yìí. Ó ní ọmọdé kì í dá lọ sọ́jà."

"Àwàdà ni," Ààrẹ dáhùn. "Alàwàdà èèyàn ni, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ." Gbogbo wọn ṣe àmín. Apọ́n náà jókòó.

Ààrẹ ní kí àwọn tó fẹ́ kí òkú lọ sílé nawọ́. Ọwọ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn, apá agbádá ń fẹ́ lu ara wọn bí aṣọ tí wọ́n sá. Apọ́n wo ilẹ̀, òun náà nawọ́. Ààrẹ wá ní kí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n sin ín síbí nawọ́. Ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn kò nawọ́. Nígbà náà ni ìlẹ̀kùn fèrèsé náà ṣí díẹ̀. Ọwọ́ kan yọ láti inú rẹ̀. Apá aṣọ dúdú ni. Ó lọ sókè gbọọrọ, ìka márààrún nà tán, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa rí i. Mo mọ̀ pé gbogbo wa rí i, torí gbogbo orí ló yí síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ààrẹ rí i ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ìyá wa," ó ní. "A ti gbọ́. Oúnjẹ ti jinná. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ fún wa, a ti ń parí lọ."

Ó ṣẹ́jú sí apọ́n, tí àga rẹ̀ súnmọ́ fèrèsé jù. Apọ́n dìde, ó fi ọwọ́ kan ti ọwọ́ náà padà sínú wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì rọra pa pákó dé kí ó má bàa ká ìka rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni.

"Ààrẹ," mo ní, "ẹ rí ọwọ́ yẹn!"

"Jókòó, ọmọ mi," Bàbá Olùdámọ̀ràn ní. "Opó kì í wá sípàdé. Bí a bá ní a rí i, àbùkù rẹ̀ la ń kéde yẹn. Àṣírí rẹ̀ la ń bò."

"Gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan," Ààrẹ ní, ó sì tẹrí ba fún àdúrà ìparí.

Àdúrà náà gùn. Nínú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbóòórùn. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà èéfín ń gba abẹ́ pákó fèrèsé wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán tí apọ́n sì ṣí i, kò sí ẹnikẹ́ni nílé ìdáná. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí sílẹ̀, atẹ́gùn òtútù ń wọlé, gáàsì ń jó lábẹ́ gbogbo ìkòkò. Ìyàwó Ààrẹ ló gbé iná náà sókè dé ìpẹ̀kun kí ó tó jáde tẹ̀lé àwọn yòókù. Òun ló sọ fún mi fúnra rẹ̀ nígbà tó yá. Ó ní òun kò mọ ohun mìíràn tí òun lè sọ.

Mo bá lọ́yà kan sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì ní tí Màmá Ìbejì bá lọ sí kóòtù, ó ṣeé ṣe kó borí. Mo sáré gbé ìròyìn yìí lọ sí Bertrams bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ó ní. "Bí mo bá borí wọn, ìdílé wo ni Kẹ́hìndé fẹ́ padà sí lọ́jọ́ tí yóò bá gbéyàwó? Èmi nìkan? Wọ́n ti sọ ọ́ sí mi létí pé bí mo bá fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níbí, ọmọ náà kì í ṣe tàwọn mọ́, kí n mú un fún ara mi." Ó tún aṣọ dúdú rẹ̀ fà. "Ọ̀kan ni mo ní láti fún wọn, Dókítà. Mo fún wọn ní èyí tó ti kú."

Ọkọ̀ òfuurufú gbé Bàbá Ìbejì lọ. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ bá òkú náà lọ dé pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ya fọ́tò. Màmá Ìbejì àti Kẹ́hìndé tẹ̀lé e lọ, wọ́n sì padà. Ó ní wọ́n fi táìsì dídán bo ibojì náà níwájú ilé, ó tutù dáadáa, ewúrẹ́ àdúgbò sì fẹ́ràn láti máa sùn lé e lórí lọ́sàn-án.

Láàárín oṣù mélòó kan yẹn, kò sí obìnrin tó dáná fún ẹgbẹ́, bísíkíìtì ni wọ́n ń jẹ ní ìpàdé. Nígbà tí Màmá Ìbejì bọ́ aṣọ dúdú, Ààrẹ fúnra rẹ̀ pè é lórí fóònù láti kí i kú oríire, pé ilé rẹ̀ ti lólórí báyìí, pé kí ó wá di ìbò rẹ̀, pé mánigbàgbé ni yóò jẹ́. Ó lọ. Ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ tààrà láti ibi iṣẹ́, ó sì jókòó sí ìlà iwájú, obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni bóyá kí ẹgbẹ́ máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń sè é tà. Kò sí àríyànjiyàn. Láti ìgbà tí mo ti mọ ẹgbẹ́ yẹn, n kò rí àtúnṣe kankan tó yára wọlé tó èyí. Màmá Ìbejì nawọ́ pẹ̀lú wọn. Wọ́n kà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ọdún ti gorí ọdún. Ẹgbẹ́ náà ti wá gbà pé kí olúkúlùkù ní ìbò. Igbákejì Ààrẹ wọn ti di obìnrin, Ààrẹ tuntun sì máa ń sọ nípa rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá pè é sí. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí ojú fèrèsé náà, torí kò sí ẹni tó ń dáná níbẹ̀ mọ́, orí búlọ́ọ̀kù yẹn ni fọ́tò èmi àti ọ̀bẹ àlùbọ́sà wà. Èmi náà ti dìbò níbẹ̀. Ìbò tí mo kọ́kọ́ dì ni ti àwọ̀ tí wọn yóò kun àwọn àga. Imú ẹlẹ́dẹ̀ wọgbà lóòótọ́. Ìyá mi kò sọ fún mi pé wọ́n lè ti kó iṣu ọgbà náà tán kí ó tó wọlé.

Mo bá Màmá Ìbejì lọ sí ibojì Táyé láìpẹ́ yìí, ní àkókò tí igi jakaránda ń rọ òdòdó sílẹ̀. Òun ló ń lọ lóṣooṣù báyìí. Ó ní èèwọ̀ ojú oórì yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ rú u ti lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bá a rú u nìṣó. Ó fi ọwọ́ gbá òdòdó kúrò lórí òkúta. Orúkọ ọmọ náà wà lókè. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lófìfo, ó mọ́ tónítóní, torí pé ibẹ̀ ló máa ń fi aṣọ nù jù.

 Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ò rò ó pé kí ìsàlẹ̀ yìí di tiyín nígbà tó bá yá? Kí ẹ sọ fún Kẹ́hìndé?"

Ó wo òkúta náà, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ilé ìdáná ọjọ́sí gan-an.

"Dókítà," ó ní, "ìyẹn á di ìpàdé."